Ohun Tí A Rà, Tí A Kò Tọ́jú: Ìbéèrè Lórí Aago Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ láìfiyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni 'tọ́jú'. Ìyá tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń bọ́ ọ, tí kì í jẹ́ kí òtútù mú un, ọmọ ni ó ń tọ́jú. Ẹni tí ó yọ díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, tí ó fi í pamọ́ de ọjọ́ iwájú, owó ni òun náà tọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè fi sọ méjèèjì: kí a fi nǹkan pamọ́, àti kí a ṣìkẹ́ nǹkan. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi aago ọwọ́ àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ láti yẹ ìbéèrè kan wò, èyí tí ó so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀: ẹni tí ó ní owó tí a fi ń ra nǹkan, ṣùgbọ́n tí kò tọ́jú owó tí a ó fi tọ́jú rẹ̀, ǹjẹ́ ó lè sọ pé òun ti ra nǹkan náà ní tòótọ́?

Ìbéèrè náà kò mọ sórí aago. Ó kan ẹni tí ó ra ọkọ̀ láìro owó táyà. Ó kan ẹni tí ó kọ́lé láìro ọjọ́ tí òrùlé yóò máa jò. Ó sì kan ìjọba tí ó fi ìlù àti ijó ṣí ilé-ìwòsàn, tí kò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún iná àti omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago àtijọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere nítorí ìdí mẹ́ta. Èkíní, kò pọn dandan. Kò sí ẹni tí ebi yóò pa nítorí pé kò rà á. Èkejì, inú ni ó ti ń bàjẹ́. Ojú rẹ̀ lè máa dán síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, yóò pẹ́ láyé ju ẹni tí ó rà á lọ.

Irú Aago Tí Ọ̀rọ̀ Náà Kàn

Aago tí a ń sọ ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní chronograph, tí a ó máa pè ní kironógíráàfù níhìn-ín. Yàtọ̀ sí pé ó ń sọ wákàtí, ó ní ọwọ́ kan tí a lè mú gbéra, tí a lè dá dúró, tí a sì lè dá padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, nípa títẹ bọ́tìnnì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ aago. A fi ń ka iye àkókò tí ẹṣin fi sáré, tí ọkọ̀ fi yí pápá ká, tàbí láti mọ bí ọkàn aláìsàn ti ń yára lù sí. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ń kọ àkókò sílẹ̀. Ní 1821, níbi eré ẹṣin ní ìlú Paris, Nicolas Rieussec, ará Faransé, lo ẹ̀rọ kan tí ó ń kán tàdáwà sí ojú ara rẹ̀ bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ti ń dé òpin eré. Àkókò ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣáájú èyí, ní 1816, Louis Moinet, tí òun náà jẹ́ ará Faransé, ti parí ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ó fi ń wo ìrìn àwọn ìràwọ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ yìí ti ń kéré sí i títí ó fi di ohun tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Omega ní Swítsálándì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Speedmaster jáde. Ní oṣù kẹta 1965, lẹ́yìn tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà ti fi ooru, òtútù àti ìmìjìgìjìgì dán an wò, wọ́n fọwọ́ sí i fún ìrìn-àjò òfurufú. Òun ni ó wà lọ́wọ́ Buzz Aldrin nígbà tí ó rìn lórí òṣùpá ní oṣù keje 1969. Ní oṣù kẹrin 1970, àgbá ọ́síjìn kan bú gbàmù nínú ọkọ̀ Apollo 13. Ó di dandan kí àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré láti tún ojú ọ̀nà wọn ṣe kí wọ́n lè délé. Aago ọwọ́ Jack Swigert ni wọ́n fi ka àkókò náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà sílé láàyè.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá 1969, ọdún kan náà tí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ orí òṣùpá, ilé-iṣẹ́ Seiko ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ta aago ọwọ́ oníbátìrì tí òkúta quartz ń darí. Irú aago yìí péye ju ẹlẹ́rọ lọ, kò sì pẹ́ tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 90,000 ni ó ń ṣiṣẹ́ aago ní Swítsálándì ní 1970. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, wọn kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí àìní mú ra kironógíráàfù ẹlẹ́rọ mọ́. Ẹni tí ó bá rà á lónìí, ó wù ú ni. Àwọn àgbà sì ti ní ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ohun tí ó wù ú. Síbẹ̀, ohun tí a fi ọwọ́ ara wa yàn ń béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ wa ju ohun tí àìní gbé lé wa lọ́wọ́.

Gbèsè Tí Ó Fara Pamọ́

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìtàn tí ó wà lára ohun àtijọ́ ni àkísà yìí, òun ni olùrà sì ń wá. Ó fẹ́ ojú aago tí oòrùn ti pa láró, ó fẹ́ àpá tí ó wà lára irin rẹ̀. Ohun tí kì í sábà rántí ni pé àkísà a máa ya.

Nínú ọ̀pọ̀ kironógíráàfù àwọn ọdún 1950 àti 1960, kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó ń pín àkókò a máa lù lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí jẹ́ ìlù 18,000 ní wákàtí kan, 432,000 ní ọjọ́ kan, àti ju 157,000,000 lọ ní ọdún kan. Orí irin tí ó tín-ín-rín bí irun ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí, nínú ihò òkúta rúbì, pẹ̀lú epo tí kò tó ẹ̀kán kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, epo náà a gbẹ, tàbí kí ó ki bí oje igi. Eruku irin a dà pọ̀ mọ́ ọn, ohun tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo irin a sì wá di ohun tí ń ha á. Èyí tí ó burú jù ni pé aago náà kò ní í dúró. Yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa sọ wákàtí, olówó rẹ̀ yóò sì máa yangàn pé ara rẹ̀ le, nígbà tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àṣà pé ní nǹkan bí ọdún 5 sí ara wọn, kí oníṣẹ́-aago tú u palẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yà ara kironógíráàfù sábà máa ń ju 200 lọ. Oníṣẹ́ náà yóò fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò fi awò wo èyí tí ó ti jẹ, yóò pààrọ̀ sípíríǹgì tí ó ń fún aago lágbára àti rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, yóò tò ó padà, yóò fi epo oríṣiríṣi sí ibi oríṣiríṣi, yóò sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dá a padà fún olówó rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Bí ẹ̀yà kan bá sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Inú òkú aago mìíràn ni a ó ti yọ ọ́, tàbí kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ rọ tuntun.

Èdè Yorùbá tún ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu. 'Rà' ni a ń wí nígbà tí ẹnì kan bá san owó gba nǹkan. 'Rà' náà ni a ń wí nígbà tí igi tàbí aṣọ bá ti jẹrà. Ohun tí a rà, tí a kò tọ́jú, yóò rà.

Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Owó

Ó yẹ kí a fi ìṣirò kékeré kan la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye tí ọjà kan pàtó ń pè. Ká ní owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùrà méjì jẹ́ ìdá 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan sì jẹ́ ìdá 30.

Olùrà kìíní rí aago tí iye rẹ̀ jẹ́ 100 géérégé. Ó ní owó òun pé. Ẹni tí ó ń tà á kò lè sọ ọdún tí wọ́n tú inú rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n aago náà ń lọ, nítorí náà olùrà san owó, ó sì so ó mọ́wọ́. Kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Ó ń lo aago náà pẹ̀lú epo gbígbẹ fún ọdún mẹ́ta, ó sì dúró lọ́jọ́ kan. Iye tí oníṣẹ́ wá pè kì í ṣe 30 mọ́. Ó jẹ́ 30 pẹ̀lú iye gbogbo ohun tí ọdún mẹ́ta náà ti jẹ run. Olùrà kò ní i. Aago náà wọ inú àpótí lọ, kò sì jáde mọ́.

Olùrà kejì wá aago tí iye rẹ̀ jẹ́ 60. Ó fi 30 ṣe ìtọ́jú rẹ̀ lọ́gán, kí ó tó fi lọ sí òde kankan, nítorí ó mọ̀ pé aago tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, bí aago tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀ ni kí a kà á sí. Ó fi 10 tí ó kù pamọ́ nítorí ìjàm̀bá, bí omi tàbí ìṣubú. Lẹ́yìn náà ni ó ń tọ́jú 6 lọ́dọọdún, èyí tí í ṣe ìdajì ìdá kan lóṣooṣù. Nígbà tí ọdún karùn-ún bá pé, 30 ti wà nílẹ̀ láìsí ìnira. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún 20 ọdún, yóò ti ṣe ìtọ́jú náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní ọdún karùn-ún, ní ọdún kẹwàá àti ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120, ìlọ́po méjì iye tí ó fi ra aago náà. Kí a wá bi ara wa: èwo gan-an ni owó aago, 60 ni tàbí 120?

Ohun kan tún wà tí ó ń tan àwọn tí kò mọ̀ jẹ. Iye iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé iye ọjà. Ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n ń pè ní Valjoux 72 ni ó wà nínú kironógíráàfù Heuer kan àti nínú ti Rolex kan ní àwọn ọdún 1960. Bí iye tí a fi ń ta méjèèjì lórí igbá tilẹ̀ jìnnà síra, inú wọn kò jìnnà síra. Wákàtí kan náà ni oníṣẹ́ yóò fi tú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ra èyí tí owó rẹ̀ kéré kò ra ìtọ́jú tí owó rẹ̀ kéré. Bí ó bá sì jẹ́ ìlú tí ó ń gbé kò ní ẹni tí ó mọ inú kironógíráàfù, bí àwọn tí ó ń yí bátìrì padà tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, yóò ka owó ìfiránṣẹ́ àti ewu ojú ọ̀nà mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹnì kan lè sọ pé: 'Owó mi ni mo fi rà á. Bí mo bá fẹ́ kí ó jẹrà, kí ni ó kan ẹlòmíràn?' Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀gàn dá a lóhùn. Ní ti òfin, òótọ́ ni. Kò sí adájọ́ tí yóò dá ènìyàn lẹ́bi nítorí epo tí ó gbẹ nínú aago rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin parí sí kọ́ ni ìwà parí sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti rò ni ìdí tí aago àtijọ́ fi níye lórí rárá. Irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí olùrà ń san owó fún ni pé fún 50 tàbí 60 ọdún, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí ti ń yí i, wọ́n ti ń gbé e fún oníṣẹ́, wọn kò sì fi í ṣeré. Ìtọ́jú àwọn ẹlòmíràn ni ó rà. Ẹni tí ó wá jẹ ìtọ́jú àádọ́ta ọdún tán láàárín ọdún mẹ́ta, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ó jẹ. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ Zenith ní ìlú Le Locle ní Swítsálándì fi ọ̀rọ̀ oní-nǹkan àti olùtọ́jú hàn. Ní 1969 ni wọ́n gbé El Primero jáde, ọ̀kan nínú àwọn kironógíráàfù àkọ́kọ́ tí ó ń fi ìrìn ọwọ́ ẹni tí ó so ó yí ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1975, nígbà tí aago oníbátìrì ti gba ọjà, wọ́n pàṣẹ pé kí a dáwọ́ aago ẹlẹ́rọ dúró, kí a sì palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Vermot bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Ó wá ń kó àwọn irinṣẹ́ náà àti àwọn ìwé àlàyé wọn lọ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ sí àjà ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ń kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe El Primero padà ní 1984, ohun tí ó kó pamọ́ ni wọ́n lò.

Àwọn kan lè jiyàn pé òṣìṣẹ́ tí ó tàpá sí àṣẹ ọ̀gá kò ṣe dáadáa, àríyànjiyàn náà sì yẹ ní ṣíṣe nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí a fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Àwọn tí ìwé sọ pé àwọn ni wọ́n ni ín ní kí ó parẹ́. Ẹni tí kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀ ni ó tọ́jú rẹ̀. Bí nǹkan bá lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò pè ní olówó rẹ̀?

Ìtàn kejì jẹ́ ti aago Rolex tí ìyàwó Paul Newman, òṣèré sinimá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rà fún un. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ọkọ òun máa rọra wa ọkọ̀. Ní 1984, Newman bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní aago tí ó lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ní aago. Newman bọ́ tirẹ̀ fún un, ó sì sọ fún un pé bí ó bá lè rántí láti máa yí i lójoojúmọ́, yóò máa sọ wákàtí dáadáa. Ní oṣù kẹwàá 2017, wọ́n ta aago yìí ní gbàǹjo ní New York ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa iye náà. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ẹ̀bùn náà wá. Kò sọ pé 'gbà á' nìkan; ó fi 'bí o bá lè rántí' kún un. Iṣẹ́ ni ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú aago. Òkìkí nìkan kì í sì í dáàbò bo nǹkan: aago tí Aldrin so lórí òṣùpá sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí ó ń fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹni Tí Ó Ń Ṣe Iṣẹ́ Náà

Ìtọ́jú aago kò ṣeé yà kúrò lára ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Olùrà tí kò pèsè owó sílẹ̀ kì í sábà gbà pé òun kò ní i. Oníṣẹ́ ni yóò máa bá jà pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n. Yóò wá ẹni tí yóò ṣe é ní ìdajì owó, ẹni tí yóò kán epo lé epo gbígbẹ, tí yóò nu ojú rẹ̀, tí yóò sì dá a padà. Àìpèsè ọ̀kan wá di ìjẹkújẹ nínú iṣẹ́ èkejì.

Ewu ara pẹ̀lú wà níbẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1960, wọ́n máa ń fi ọ̀dà tí ó ní rédíọ̀mù nínú kun ojú ọ̀pọ̀ aago kí ó lè máa tàn lóru. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń kùn ún a máa fi ètè tọ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn kí ó lè mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú ikú oró. Ọ̀dà àtijọ́ lè má tàn mọ́, ṣùgbọ́n agbára rédíọ̀mù kò tíì kúrò nínú rẹ̀, nítorí ó tó nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára náà tó dín sí ìdajì. Oníṣẹ́ tí ó ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀ kí ó má baà fa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú. Ìdáàbòbò yìí ń náni lówó. Bí olówó aago kò bá san án, ara oníṣẹ́ ni yóò san án.

Òtítọ́ Nígbà Títà

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olówó yóò ta aago náà. Ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀ yóò wá dúró níwájú ìdánwò. Ǹjẹ́ yóò sọ pé òun kò tú u rí? Àbí yóò ní kí wọ́n kun ojú rẹ̀ ní ọ̀tun, kí wọ́n fá ara irin rẹ̀ títí yóò fi máa dán, kí ó sì sọ pé láti ilé-iṣẹ́ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù, tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹni tí ó bá tọ́jú aago rẹ̀ ní ìwé oníṣẹ́ tí yóò fi hàn, ọdún dé ọdún. Kò nílò ẹnu dídùn. Èyí fi hàn pé àìtọ́jú kì í dúró sórí nǹkan. Ó ń ti ènìyàn díẹ̀díẹ̀ sí etí irọ́.

Àwọn Àtakò Méjì

Àtakò kìíní ni pé asán ni gbogbo èyí. Aago oníbátìrì tí kò wọ́n péye jù ú lọ. Kí ni a fẹ́ fi owó bẹ́ẹ̀ ṣe lórí ìrántí? Òtítọ́ ńlá wà nínú èyí. Bí owó tí a fẹ́ fi tọ́jú aago bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí owó oògùn ìyá, kò sí ọgbọ́n kankan tí ó lè dá a láre. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé ẹni tí kò lè tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rà á. Kò fi hàn pé ẹni tí ó lè tọ́jú rẹ̀ ń ṣe asán. Ọgbọ́n ọwọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ aago tó ohun tí àjọ UNESCO fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2020, ní orúkọ Swítsálándì àti Faransé. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń gbé aago fún oníṣẹ́, kò ní í pẹ́ tí kò fi ní í sí ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà.

Àtakò kejì ni ti ẹni tí ó jogún aago. Kò rà á, kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ kú, ó bá a nínú àpótí, kò sì ní owó oníṣẹ́. Ṣé òun náà jẹ̀bi? Rárá. Ẹni tí ó rà ni ó fi owó rẹ̀ ṣe ìlérí; ajogún kò tíì ṣèlérí. Ojúṣe tirẹ̀ kéré, kò sì ná an ní nǹkan: kí ó má ṣe yí i, kí ó má ṣe tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ fún eré, kí ó gbé e síbi gbígbẹ títí owó yóò fi dé, tàbí kí ó gbé e fún ẹni tí ó lè tọ́jú rẹ̀. Aago tí ó dúró lè dúró títí. Èyí tí ó ń sáré láìní epo ni ó ń kú. Ìfipamọ́ náà jẹ́ ìtọ́jú, bí èdè ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá hàn. Owó tí a san lójú ọjà kò ra aago tán. Ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ni ó rà. Gbogbo oṣù tí olùrà bá fi ìdajì ìdá kan sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ó tún ń rà á. Gbogbo ọdún tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aago náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà, tí ó rí i pé agbára òun kò ká a, tí ó sì yí ẹ̀yìn padà kúrò lẹ́nu ìsọ̀, kò pàdánù nǹkan kan. Ó ti tọ́jú aago tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ó fi í sílẹ̀ de ẹni tí yóò lè ṣìkẹ́ rẹ̀.